Ìran Tí Túbọ̀sún Yàn

Gertrude ń po ògì tí yóò gbé lọ sí ọsibítù nígbà tí Àǹtí Mabel ti ọsibítù náà ní Ìdí-Àràbà dé, tí ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìbọ́ bàtà. Gertrude pa iná sítóòfù. Ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àtìgbà tí wọ́n ti bí Túbọ̀sún, àbúrò rẹ̀, ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti ń jẹ ẹ́ léegun.

Òkú ọ̀fọ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀. Lọ́sàn-án, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ṣọ́ọ̀ṣì múra láti gbé e lọ sí itẹ́ òkú. Gertrude náà so ìborùn dúdú mọ́rí.

"Níbo?" ni Àǹtí Mabel bi í.

"Mo fẹ́ bu erùpẹ̀ sí i lára ni. Ẹ̀kúnwọ́ kan péré, Àǹtí."

"Ẹ̀gbọ́n kì í dé ibojì àbúrò. Èmi ò lọ. Ìyá yín ò lọ. Jókòó."

Kò jókòó. Ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Àkàngbé lẹ́yìn ọjà Tẹ́júoṣó. Ibẹ̀ ni Túbọ̀sún ti máa ń bá àwọn tí kò rí rí ṣeré lókè òkun, lórí wáyà tẹlifóònù. Eré náà kò ní àwòrán, ọ̀rọ̀ lásán ni: ìlú kan, odò kan, ẹnubodè kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan ìran tí yóò jẹ́.

Gertrude ti bá a débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí.

"Àǹtí, ẹ yan tiyín," ni Túbọ̀sún wí. "Lọ́run, ìkúnlẹ̀ la fi yàn án. Níbí, ẹ jókòó, ẹ fara balẹ̀."

"Kí ni ìwọ yàn?"

"Aràrá."

Gertrude rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bí o ṣe kúrú tó yìí, o tún lọ ń tọrọ kún un."

Túbọ̀sún náà rẹ́rìn-ín. Kò ṣàlàyé. Gertrude dìde láìyan nǹkan kan.

Lónìí, Àkàngbé nu àga náà fún un, ó sì bá a ṣí eré.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Bí ẹ bá ti yàn, ẹnubodè lẹ máa bọ́ sí. Ibẹ̀ ni Túbọ̀sún wà. Ẹni tó bá dìde nídìí eré, sísùn ló máa ń sùn síbẹ̀ títí tó fi máa padà."

Gertrude ka àwọn ìran tó wà níbẹ̀. Ọmọ ènìyàn: ó gbọ́n, àìsàn a máa tètè mú un. Òmìrán: ó lágbára, kò ní sùúrù. Iwin: ó ń ríran lókùnkùn, eegun rẹ̀ kò le. Aràrá: ó kúrú, kì í yára, ó mọ ilẹ̀ gbẹ́. Kò sí àìsàn tí ó lè wọ eegun rẹ̀.

Gertrude tún ìlà tí ó gbẹ̀yìn yẹn kà. Wọ́n ní ohun tó ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Túbọ̀sún kò fi tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìran ló fi yàn.

Ó yan aràrá.

Ọ̀rọ̀ yọ lójú kọ̀ǹpútà: *O wà lẹ́nubodè. Ilẹ̀ ibí pupa. Aràrá kan ń sùn síbí, Túbọ̀sún lorúkọ rẹ̀.*

"Báwo ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀?"

"Ẹ ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀," ni Àkàngbé wí. "Kí lẹ fẹ́ wú?"

Ó kọ ọ́: *gbẹ́ ilẹ̀*. Kọ̀ǹpútà fèsì pé erùpẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún kọ àṣẹ mìíràn, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì, ó sì rọra bù ú sí Túbọ̀sún lára.

Ẹ̀kúnwọ́ kan ni.