Ákíṣúálì Lẹ́nu Bọ̀dá

"Ákíṣúálì, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló jó o." Bọ̀dá nàka sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun orí tábìlì. Ihò tí áyọ́ọ̀nù dá sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, màlúù á gbabẹ̀ kọjá, ìwo ẹ̀ ò ní kan nǹkan kan.

Ẹnu ya Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹ̀yìn ilé ló ti ń sá aṣọ nígbà tó gbóòórùn jíjó. Ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ yìí, ẹni tó bá jó aṣọ oníbàárà, ilé ló ń lọ lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ yìí lòun àti àbúrò ẹ̀ sì fi ń jẹun.

Bọ̀dá, olórí òṣìṣẹ́, ti lo òyìnbó kan ṣoṣo yẹn títí ó fi gbó ju àkísà lọ. Tó bá pẹ́ dé, "Ákíṣúálì, ọ̀nà dí." Ọ̀nà wo? Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù gan-an ló ń gbé. Tó bá sọ aṣọ nù, "Ákíṣúálì, wọn ò kó o wá." Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ wájòókòó, irọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ tẹrùtẹrù.

Mọ̀mí tó ni ṣọ́ọ̀bù wò ó. "Kí ni ìtúmọ̀ ẹ̀ gan-an?"

Bọ̀dá tún kọ́là ẹ̀ ṣe. "Pé bọ́rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn, mà. Àwa tá a lọ síléèwé la máa ń fi ṣáájú òótọ́."

"Ó dáa. Yọ ọ́ kúrò, kó o tún un sọ. Ojú mi ni kó o wò."

Bọ̀dá lanu. Ẹnu ò pa dé mọ́. Òógùn tó bò ó á fọ aṣọ gbogbo ìlú, á tún ṣẹ́ kù.

"Ọ̀pẹ́... mà, ákí..."

"Mo ní kó o yọ ọ́."

Bọ̀dá ń fa kọ́là ẹ̀. Mọ̀mí yíjú sí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. "Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi kọ́, mà," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. "Ṣòkòtò ara wọn ni Bọ̀dá ń lọ̀. Fóònù wọn dún, wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù lé ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ síta. Ojú fèrèsé ẹ̀yìn ni mo ti rí wọn; kí n tó sáré wọlé, ó ti jó. Ṣòkòtò náà ló wà nídìí wọn yẹn."

Mọ̀mí wo ṣòkòtò. Ìlà áyọ́ọ̀nù tuntun ara ẹ̀ gún bí ọ̀bẹ. Mọ̀mí pòṣé sí Bọ̀dá.

"Ìwọ lo máa sọ fún oníṣẹ́ẹ̀tì tó bá dé, kó o tó máa lọ sílé. Yorùbá ni kó o fi sọ ọ́."

Kò pẹ́ tí ọkùnrin oníṣẹ́ẹ̀tì fi wọlé, ó ń béèrè aṣọ ẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún Bọ̀dá, ó sì na aṣọ tó kàn sórí tábìlì.