Múlíkátù Fi Orin Àádùn Ta Kókóró

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, máa wọlé. Ẹni tí oúnjẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbé àwo rẹ dání bọ̀. Ẹ jẹ́ kí orúnkún kan orúnkún, kí n má baà máa pariwo.

Inú fóònù mi ni mo wà. Mo jókòó lórí àpótí, mo ń fi epo pupa po àádùn nínú ọpọ́n. Ojúde wa ní Ìkọ̀lé ló wà nínú fóònù náà, gbogbo ilé ló pé, àfi pé gíláàsì ni ògiri wọn. Bí èèyàn bá fi ìka kan ilé kan, ilé náà á sún kúrò, òmíràn á yọ sí àyè rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Mo gbá ẹnu ọ̀nà mi bí mo ṣe máa ń gbá a, mo sì to ọjà mi.

Àádùn mi dára. Àgbàdo tí mo yan, tí mo lọ̀ títí ó fi kúnná bí àtíkè, ni mo fi epo àti iyọ̀ pò, tí mo sì fi ewé wé. Ẹ gbé e sórí ahọ́n, ó ti yọ́. Ṣùgbọ́n ẹyọ ẹnìkan kò rà á. Múlíkátù ti jí orin mi.

Ilé tó kọjú sí tèmi ni Múlíkátù wà. Òun náà jókòó nínú gíláàsì tirẹ̀, ó ń ta kókóró. Ẹ mọ kókóró: àgbàdo náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti dín in gbẹ títí ó fi le bí igi ìdáná. Orin tí ìyá mi fi ń polówó àádùn káàkiri Ìkọ̀lé kó tó kú, tí mo gbà lẹ́nu rẹ̀, òun ni Múlíkátù ń kọ fún kókóró:

*Ẹ̀yin tí eyín yín ti lọ sílé,*
*Ẹ má sunkún mọ́ o.*
*Ọjà mi kò bá eyín sọ̀rọ̀,*
*Èrìgì ló bá ṣọ̀rẹ́.*

Orin náà ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí okùn pupa, ó ń gùn, ó ń gba orí òrùlé lọ. Àwọn èèyàn di okùn náà mú, wọ́n ń tẹ̀ lé e bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń ki Múlíkátù, wọ́n ní òun ló mọ ọjà tà jù nínú ayélujára. Iwájú ilé tèmi dá páro. Koríko bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú ọpọ́n mi.

Mo sọdá lọ bá a. "Múlíkátù, dá orin ìyá mi padà."

Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ẹ kú ìrìn o, Ìyá Aláàádùn. Orin wo?"

"Èyí tó wà lẹ́nu rẹ yẹn."

"Háà, Ìyá. Orin kì í ní bàbá. Ẹni tó bá ní dátà ló lorin." Eyín rẹ̀ funfun bí òwú, kò sì sí ọ̀kan tó yẹ̀. Ó mú kókóró kan, ó gé e jẹ lójú mi, gbàù! Àwọn tó yí i ká bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n lọ máa sùn.

Mo padà sílé. N kò ní parọ́ fún yín, kì í ṣe orin yẹn nìkan ni mo fẹ́ mọ́. Mo fẹ́ kí ojú tì í. Mo fẹ́ kó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, kó máa bẹ̀ mí.

Nígbà tí mo wọlé, yàrá mi ti gùn tó ọ̀nà oko. Ohùn kan sọ̀rọ̀ láti inú ògiri, ohùn bí ti tíṣà tí ọmọ ilé ìwé ti dá lágara. Fóònù náà ni.

"Ta ni o ń tà á fún?" ló wí.

"Gbogbo ayé," ni mo dáhùn.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ta ni kì í jẹun?"

Ó ní kò burú, ó sì pè wọ́n. Gbogbo ayé wọlé. Àwọn sójà wọlé tàwọn ti bàtà. Ìyàwó tuntun wọlé, ó ń fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ewúrẹ́ wọlé. Ọkọ̀ agbépo kan wọlé, ó jókòó, ó ká táyà rẹ̀ sábẹ́. Àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí wọlé, wọ́n dúró sẹ́bàá ògiri, wọ́n fi ọwọ́ bo ojú. Inú mi dùn, mo ń pín àádùn. Sójà ní kí n fi ẹran sí i, mo fi sí i. Ìyàwó ní kí n jẹ́ kó máa hó bí ọṣẹ, mo jẹ́ kó máa hó. Ewúrẹ́ ní ewé nìkan lòun fẹ́. Ọkọ̀ agbépo ní kí n yọ àgbàdo kúrò, kó ku epo. Bí mo ṣe ń tún un ṣe fún eléyìí ni tọ̀hún ń bínú, títí àádùn mi fi di ẹrẹ̀ nínú ọpọ́n, tí ẹrẹ̀ náà sì bi mí pé, "Ìyá, kí ni mo jẹ́ báyìí?"

Mo mú ìwọ̀nba àádùn kan tó ṣẹ́kù nínú ewé, mo tú u kí n lè jẹ ẹ́. Ìyá mi ló wà nínú rẹ̀. Ó jáde, ó na ẹsẹ̀, ó gbọn epo kúrò lára ìró rẹ̀. Ó kéré bó ṣe kéré lọ́jọ́ tí a sin ín, kò sì sí eyín kankan lẹ́nu rẹ̀.

"Àwọn wo nìyí?" ló bi mí.

"Ẹ káàbọ̀, Màámi. Àwọn oníbàárà mi ni."

"Irọ́. Àwọn tó ń kọjá lọ ni." Ó pàtẹ́wọ́, gbogbo ayé sì jáde, ẹrẹ̀ inú ọpọ́n mi sì padà di àádùn. Ó wá jókòó tì mí. "Kọ orin mi kí n gbọ́."

Mo kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó bi mí pé, "Ta ló wà nínú orin yẹn?"

Ẹ̀yin ọmọ, láti kékeré ni mo ti ń kọ orin náà, n kò bi ara mi rí. Ìyá mi ní nígbà tí eyín ìyá tòun tán lẹ́nu, tí kò lè jẹ ohun tí àwọn yòókù ń jẹ, tó ń jókòó sí kọ̀rọ̀ tó ń sunkún, ìyá náà lòun ṣe àádùn fún, ìyá náà lòun kọ orin pè wá jẹun. Àwọn tó dà bí i rẹ̀ ló gbọ́ tí wọ́n wá. Kò pe ẹlòmíràn rí.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí ìró mi fi tú. "Màámi, Múlíkátù kò mọ àwọn tó ń pè!"

"Kò mọ̀ wọ́n."

"Ṣé kí n lọ já a gbà lẹ́nu rẹ̀?"

"Rárá o," ni ìyá mi wí. "Bá a gbe orin."

Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń gbè é. Bí Múlíkátù bá ti dá a, èmi á gbè é, ìyá mi náà á gbè é láti ẹ̀yìn mi. Okùn pupa náà nípọn. Ó kọjá òrùlé, ó kọjá oko, ó wọ ilẹ̀ lọ níbi itẹ́ òkú. Inú Múlíkátù dùn, ó ń jó lórí ìjókòó, ó rò pé mo ti gbà fún òun.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Bàbá Ajíbóyè ló ṣíwájú, ọdẹ tí a ti sin tipẹ́, ó ń tẹ ọ̀pá. Àwọn àgbà gbogbo àdúgbò tẹ̀ lé e, òkú pẹ̀lú alààyè, ẹnu gbogbo wọn rí pẹlẹbẹ. Àwọn ọmọ ọwọ́ ń rákò bọ̀. Wọ́n kún ilé Múlíkátù títí gíláàsì fi ń dún. Bàbá Ajíbóyè gba kókóró, ó gbé e sẹ́nu, ó yọ ọ́, ó wò ó.

"Ọmọ yìí, igi lo fún wa."

"Bàbá, kókóró ni," ni Múlíkátù wí.

"O ní kò bá eyín sọ̀rọ̀."

"Orin lásán ni, Bàbá."

"Ẹni tó bá pe àgbà wá jẹun kò gbọdọ̀ jẹ́ kó lọ lébi. Bá wa rún un."

Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n sì ya ẹnu sókè bí ọmọ ẹyẹ. Múlíkátù kò rí ọ̀nà jáde, nítorí ilé náà kò ní ilẹ̀kùn mọ́. Ó ń rún kókóró, ó ń fi í sí wọn lẹ́nu. Èmi ń kọrin. Nígbà tó bá fẹ́ sinmi, mo máa ń gbé ohùn sókè, àwọn mìíràn á sì tún yọ. Eyín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan eyín náà dúró létè rẹ̀, wọ́n ní, "Ó dàbọ̀ o, ọ̀gá," wọ́n sì bá ọ̀nà Adó lọ.

Nígbà tí eyín tó gbẹ̀yìn lọ, ilé náà yọ ilẹ̀kùn. Múlíkátù sọdá sọ́dọ̀ mi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó kúnlẹ̀ síta. Mo jẹ́ kí oòrùn pa á dáadáa. Ìyá mi ní kí n má kánjú.

"Ìyá," ló wí nígbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, "ebi ń pa mí."

"Ta ni ọ́?"

"Múlíkátù ni."

"N kò mọ Múlíkátù. Ya ẹnu kí n wò ó."

Ó yà á. Ó rí bí yàrá tí wọ́n ti kó ẹrù jáde. Inú mi dùn, ẹ̀yin ọmọ! Mo pàtẹ́wọ́, mo jó yí i ká.

"Áà, ìwọ ni!" ni mo wí. "Ìwọ gan-an ni mo ti ń wá láti àárọ̀. Oníbàárà mi!"

Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá." Mo ní kó kọ́kọ́ sọ ẹni tó ni orin. Ó sọ ọ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́, ó fi orúkọ ìyá mi sí i. Mo wá gbé àádùn sí i lórí ahọ́n. Ó yọ́. Mo bọ́ Bàbá Ajíbóyè àti gbogbo àwọn tó kù, ọpọ́n kò gbẹ. Wọ́n jẹ, wọ́n gùnfẹ̀, ìyá mi sì nu ẹnu àwọn ọmọ ọwọ́ fún wọn.

Oòrùn sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó tẹrí ba níwájú mi, ó ya ẹnu. Òun náà kò ní eyín. Mo fún un ní ewé kan. Ó jẹ ẹ́ tán, ó dúpẹ́, ó gba ilé rẹ̀ lọ ní ọ̀sán gangan. Gbogbo ibẹ̀ ṣú. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń lọ sílé, mi ò rí ara wọn. Ètè wọn nìkan ni mo ń rí, epo wà lára rẹ̀, ó ń tàn lọ ní ojú ọ̀nà, ó ń kéré, ó ń kéré.