C Kan Láàárín A Mẹ́jọ

Gbogbo ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá náà ló ń sín. Àpò ata gbígbẹ tí Ìyá Àgbà Sìdíkàt gbé lé itan ni. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti wọ kòtò, eruku pupa á bú jáde, á sì gba imú ẹni gbogbo lọ.

"Mama, biko! Dis your pepper go kill person o!" Awakọ̀ ló ń pariwo, omi ti dé ojú rẹ̀.

"Ndo, nwa m," Ìyá Àgbà fi èdè Ìgbò bẹ̀ ẹ́, ó sì tún ní kó sáré sí i.

Kò ráyè sọ àpò náà kalẹ̀ ni. Ó ń wọn ata fún oníbàárà lọ́wọ́ ní Ose Okwodu, ọjà kan ní Onitsha, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Dèjì ni, ọmọ Ìbàdàn tó ní ilé kọ̀ǹpútà lẹ́bàá Main Market.

"Màmá, ẹ máa bọ̀ o. Láti àárọ̀ ni Àmírà ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà mi. Kò tẹ nǹkan kan, kò dìde, ẹkún ló ń sun. Aago mẹ́rin ni wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù yẹn pa."

Fọ́ọ̀mù yunifásítì kan lókè òkun ni. Bí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá ní àwọn fẹ́ wọ ibẹ̀, bóyá ni wọ́n á mú márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá mú, ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀, tòun ti oúnjẹ, tòun ti ibùsùn. Láti ọjọ́ tí èsì ìdánwò WAEC ti jáde ni Ìyá Àgbà ti ka Àmírà, ọmọ ọmọ rẹ̀, mọ́ márùn-ún yẹn. Ó ṣe tán, mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ tí ọmọ náà ṣe, A mẹ́sàn-án ló sì gbà. Orin tí Ìyá Àgbà dá lọ́jọ́ náà ṣì wà lẹ́nu àwọn alátà Ose Okwodu títí di òní. Ìgbò ń gbè é, Haúsá ń gbè é:

Mẹ́sàn-án ni mo kà,
mẹ́sàn-án pé o!
Ọmọ ọmọ mi ò fọ̀kan ṣòfò,
mẹ́sàn-án pé o!

Dèjì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ata yẹn síta. Kọ̀ǹpútà mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sín."

Àmírà wà ní kọ̀rọ̀ inú lọ́hùn-ún, etí hìjáàbù rẹ̀ ti rin gbingbin. Ìyá Àgbà fa àga sún mọ́ ọn.

"Ta ló nà ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó nà mí, Màmá."

"Kí ló wá dé tí o ò tẹ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń tẹ̀?"

Àmírà wo Dèjì. Dèjì wo fáànù òkè.

"Màmá, kì í ṣe mẹ́sàn-án."

"Kí ni kì í ṣe mẹ́sàn-án?"

"A tí mo gbà. Mẹ́jọ ni. Ọ̀kan jẹ́ C."

Ìyá Àgbà ṣẹ́jú. "Èwo ni C?"

Ọmọ náà fi etí hìjáàbù nu imú. "Yorùbá ni."

Háà. Orí àga ni Ìyá Àgbà wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó.

Nítorí pé òun ni. Òun alára ló dá a sílẹ̀. Èdè Ìgbò ni gbogbo ọmọ kíláàsì wọn mú. Onitsha ni wọ́n bí Àmírà sí, Ìgbò sì dùn lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni fi oyin fọ eyín. A ibẹ̀ kì bá ti sá fún un láé. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ni kò gbà. Odidi ọjọ́ méjì ló fi kọ oúnjẹ. Bẹ̀llò ọmọ rẹ̀, bàbá Àmírà, fi ẹran bẹ̀ ẹ́, ó fi ẹja bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀ jálẹ̀, àfi ìgbà tí Àmírà lọ forúkọ sílẹ̀ fún Yorùbá. Iléèwé ò sì ní tíṣà tó lè kọ́ ọ. "Èmi á kọ́ ọ," ni Ìyá Àgbà wí, òun tó fi iléèwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta. Ó sì kọ́ ọ lóòótọ́. Ó fi orin kọ́ ọ, ó fi àlọ́ kọ́ ọ, ó fi èébú àwọn oníbàárà tó ń dúnàá dúràá kọ́ ọ.

"Ìwọ kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ti ń jó, Màmá. Mo kan sọ pé, 'A ló pọ̀ jù níbẹ̀.' Kí n tó sọ èyí tó kù, ẹ ti wọ bàtà. Kí n tó jáde síta, orin ti dé ọjà."

Dèjì rẹ́rìn-ín, ó sì tètè pa ẹnu dé. "Màmá, mo ti fi ọ̀nà hàn án o. Ibì kan wà nínú fọ́ọ̀mù tí èèyàn ti lè ṣàlàyé ohun tó bá kù díẹ̀ káàtó. Mo ní kó kọ ọ́ pé kò sí tíṣà, pé ìyá arúgbó kan tí kò kàwé ló kọ́ òun. Wọ́n á ṣàánú ẹ̀. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́. Ó tún kọ ọ́, ó tún pa á rẹ́. Ìgbà mẹ́fà!"

"Mi ò lè kọ ọ́," ni Àmírà wí. "Bí ìgbà tí mo bá ń fẹjọ́ yín sùn ló rí. Kí wọ́n kúkú má mú mi."

Ìyá Àgbà wo ojú rẹ̀, ó wò ó títí.

"Ṣé irọ́ ni pé mi ò kàwé?"

"Màmá..."

"Mò ń bi ọ́ ni."

"Kì í ṣe irọ́."

"Ṣé irọ́ ni pé èmi ni mo kọ́ ọ?"

"Kì í ṣe irọ́, Màmá."

"Ẹjọ́ wo ló wá wà níbẹ̀?" Ó yíjú sí Dèjì. "Dèjì, C tí ẹ ń wí yìí, ṣé ìfìdírẹmi ni?"

"Rárá o, Màmá. Ó yege. Krẹ́díìtì ni wọ́n ń pè é."

"Ẹ gbọ́ o!" Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ nínú Ìyá Àgbà láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó ń mi èjìká rẹ̀ bọ̀. "A mẹ́jọ yẹn, àwọn tó ní sátífíkéètì ló kọ́ ọ. Eléyìí, èmi nìkan ni! Kíláàsì mẹ́ta péré, mo gba krẹ́díìtì!" Ó ti dìde, ó ti ń jó láàárín àwọn àga. Ọkùnrin kan tó ń tẹ ìwé ìṣírò ọjà rẹ̀ jáde pàtẹ́wọ́ fún un láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tó jókòó padà, ó rọra di ọwọ́ ọmọ náà mú. "Ṣùgbọ́n má kọ ọ́ kí wọ́n lè ṣàánú. Kọ ọ́ bó ṣe rí."

Aago mẹ́ta ti kọjá dáadáa. Àmírà dojú kọ kọ̀ǹpútà. Ìka rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ́ra, nígbà tó yá, ó ń dún bí òjò orí páànù. Nígbà tó gbórí sókè, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

"Kà á fún mi," ni Ìyá Àgbà wí.

"Òyìnbó ni, Màmá."

"Èmi ò gbọ́ Òyìnbó. Èdè tí mo fi kọ́ ọ ni kó o fi kà á."

Àmírà mí kanlẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára Òyìnbó, Yorùbá ń jáde lẹ́nu rẹ̀:

"Yorùbá ni mo ti gba C. Màmá mi àgbà ló ní kí n mú un, mi ò sì kábàámọ̀. Ìlú tí wọ́n ti ń sọ Ìgbò ni wọ́n bí mi sí. Ìgbò ni mo fi ń ṣeré, òun ni mo fi ń jà, òun náà ni mo fi ń lálàá. Nílé, màmá mi àgbà á bá mi sọ Yorùbá, èmi á fi Ìgbò dá wọn lóhùn. Ọdún méjì la wá fi jókòó láàárín àpò ata. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ẹ̀kẹrin á sọnù mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n á tẹ̀ síwájú, wọ́n á máa wo ètè mi, wọ́n á wá yá mi ní ọ̀rọ̀ kan. Ìdánwò béèrè ohun tí àwa méjèèjì ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti wá mọ bí wọ́n ṣe wọ ọkọ̀ alùbọ́sà láti Ṣakí dé Onitsha, tí wọ́n pọn bàbá mi sẹ́yìn. Mo mọ orúkọ àwọn ọmọ mẹ́ta tí wọ́n bí tí kò dúró. Wọn ò lè fi èdè mìíràn sọ ìyẹn fún mi."

Ìyá Àgbà ti tẹ̀ síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń wo ètè ọmọ náà, ọ̀rọ̀ ti wà ní ìmúrasílẹ̀ lórí ahọ́n rẹ̀, èyí tó fẹ́ yá a níbi tó bá ti dúró.

"Ṣé kí n fi ránṣẹ́?"

Ìyá Àgbà mi orí pé kó fi ránṣẹ́. Àmírà tẹ̀ ẹ́.

"Ó ti lọ!" Dèjì kígbe. "Màmá, ó ti lọ o!"

Ìyá Àgbà ò gbọ́. Ó ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ó ń bá a bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń wá ibi kan, ibi kan ṣoṣo, tí ọmọ náà ti dúró kí òun yá a ní ọ̀rọ̀, kò sì rí i.