Ife Méjì àti Ojú Kìnnìún

Mo lá àlá kan lóru àná, ẹ̀yin èèyàn mi, bí mo sì ṣe jókòó yìí, kò tíì kúrò lójú mi. Alààjì Mùtáírù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ sẹ́yìn lọ́rì yín. Mo mọ̀ pé iṣu yín ń rà. Ẹ fìdí lé bẹ́ǹṣì yìí ná, nítorí ọ̀rọ̀ kìnnìún yín wà nínú rẹ̀.

Ẹ ṣáà mọ bá a ṣe bẹ̀rẹ̀. Èmi àti Ọ̀pádòtun la jọ kọ́ṣẹ́ yíya àwòrán sára lọ́rì lọ́dọ̀ Ọ̀gá Kúyẹ̀. Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wa. Tí èèyàn bá ya ẹranko, kò gbọdọ̀ ya ojú rẹ̀ títí gbogbo ara á fi gbẹ, kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀nà ọ̀fun gbígbẹ ya ojú náà. Ọ̀gá á ní, "Inú ìgò lojú ẹranko ń gbé." La ó bá gbé ògógóró, a ó ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ, a ó mu ìyókù, ojú á sì jáde. Báyìí la ṣe ń ṣe é títí Ọ̀gá fi kú, títí ẹ̀dọ̀ Ọ̀pádòtun fi bàjẹ́, tí òun náà fi tẹ̀ lé Ọ̀gá lọ́dún tó kọjá. Ọjọ́ tá a sin ín ni mo jáwọ́ nínú ọtí. Àtọjọ́ náà ni mi ò ti rí ojú kankan yà mọ́.

Bí kìnnìún tí mo yà sẹ́yìn lọ́rì Alààjì ṣe wà títí di àná nìyẹn. Irun ọrùn rẹ̀ pé, eyín rẹ̀ pé, ibi tó yẹ kójú wà funfun báláú. Alààjì sì ti sọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn: bí kò bá lójú títí di òní, àwọn á gbé e lọ fún ayàwòrán tó wà nísàlẹ̀ gáréèjì, kó kùn ún pa. Mi ò bá wọn jà. Ta ló fẹ́ kí kìnnìún afọ́jú máa sáré lẹ́yìn òun ní márosẹ̀?

Ó wá di ojú àlá. Mo ń lọ sí gáréèjì lọ́sàn-án gangan, ni mo bá rí ọ́fíìsì kan tó léfòó lókè ibi tí wọ́n ń kó iṣu sí. Ó ní fèrèsé, ó ní ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi okùn so ó mọ́ òpó iná kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Mi ò béèrè ìdí. Mo bọ́ bàtà mi sílẹ̀, mo gun okùn lọ. Ara pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni mo ti kà á pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣèwádìí ìwà ọmọ èèyàn, àtinúdá àti ọtí. Lẹ́tà pátákó náà ò dọ́gba, ìyẹn nìkan ló sì bí mi nínú.

Òṣùwọ̀n ńlá kan ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀, irú èyí tí àwọn alápatà fi ń wọn ẹran. Ó ní, "Gbé ìwà rẹ síbí."

Mo tọwọ́ bọ àpò, mo bá a nínú ọ̀rá, mo gbé e lé e lórí.

Òṣùwọ̀n náà mí kanlẹ̀. "Ọ̀yàyà kéré," ló wí. "Ìbẹ̀rù pọ̀. Ìtìjú yìí nìkan wúwo ju ìwọ alára lọ. Èyí tó o máa ń lò tó o bá mutí ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo gbàgbé rẹ̀ síbi ìsìnkú."

Ó ní kò burú, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbàgbé tiwọn síbẹ̀.

Obìnrin kan jáde wá, ó wọ kóòtù funfun. Ó ní Dókítà Odùwọlé lòun, ó sì gbé ife méjì kalẹ̀ níwájú mi. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó wá túfọ̀. "Ògógóró wà nínú ọ̀kan," ló ṣàlàyé fún mi. "Omi lásán ni èkejì, ògógóró la kàn fi pa etí ife rẹ̀ kí imú má baà mọ ìyàtọ̀. O ò ní mọ èyí tó o mu. Èmi tí mo bù ú náà ò mọ̀ ọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ̀, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn."

"Ta ló wá máa mọ̀, mà?"

"Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mọ̀. Báyìí la ṣe ń wá òótọ́."

Mo bi í pé kí ló fẹ́ kí n ṣe tí mo bá mu ún tán. Ó ní, "Ya ojú." Ògiri ọ́fíìsì náà sì ti di ẹ̀yìn lọ́rì Alààjì, kìnnìún yìí jókòó síbẹ̀, ó ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀," ni kìnnìún wí, "ṣé ilẹ̀ ti mọ́?"

Mo ní, "Ó ti mọ́ tipẹ́."

"Háà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi. Mo ti fẹ́ sọ fún Dókítà pé mo ti bá ọtí pín gaarí, ṣùgbọ́n kí n tó mọ̀, mo ti gbé ife tó wà lápá òsì. Ẹ sì mọ̀ pé ohun tó bá ti mọ́ni lára kì í tọrọ àyè. Kí n tó fẹnu kàn án, ọwọ́ mi ti ta díẹ̀ sílẹ̀.

Dókítà dìde. "Kí lo ṣe yẹn?"

"Ti àwọn tó ti lọ ni, mà."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé e. Àmọ́ pákó ilẹ̀ ọ́fíìsì wọn là, ohun tí mo ta sílẹ̀ sì ti gba inú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Mo mu ìyókù. Ó ta mí lọ́fun, orí mi wú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Mo sọ fún òṣùwọ̀n pé àwọn bàbá rẹ̀ ò mọ̀wọ̀n. Mo sọ fún Dókítà pé ẹni tó kọ pátákó wọn yẹ lẹ́ni tí à ń gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Inú wọn dùn, wọ́n ń mi orí. Mo wá ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, mo ya ojú ọ̀tún, mo ya tòsì, wọ́n sì jáde pẹ̀lú ìwò ẹranko tó jẹun tí kò yó.

Kìnnìún ṣẹ́jú. Ó wo ọ́fíìsì, ó wo fèrèsé, ó wo gáréèjì nísàlẹ̀. "Ṣé ibí náà ni?" ló bi mí. "Mo rò pé ó máa dáa ju báyìí lọ."

Ìgbà náà ni ẹnì kan pè mí látìsàlẹ̀. "Gbádé."

Mo yọjú lójú fèrèsé. Ọ̀pádòtun ló jókòó sórí òkìtì iṣu, nínú léèsì tá a fi sin ín, ó ń lá ètè.

"Gbádé, omi ni o."

"Omi kẹ̀?"

"Omi lásán. Òórùn kì í tan òkú jẹ."

Dókítà Odùwọlé rọra jókòó. "Ẹnì kan ti mọ̀," ló wí. Ìwo yọ lórí rẹ̀, kóòtù funfun náà di irun, ó sì di ewúrẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù náà di ewúrẹ́ níkọ̀ọ̀kan, láìjanpata. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àga.

Ọtí dá lójú mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo yíjú sí kìnnìún, mo rò pé ojú náà á ti parẹ́. Kò parẹ́. Ọ̀pádòtun náà ń wò ó látìsàlẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Omi lo sì fi yà á?"

"Omi ni."

Kò fìbínú sọ èyí tó sọ tẹ̀ lé e, ì bá tiẹ̀ sàn fún mi ká ní ó bínú. "Gbádé, tó bá jẹ́ pé omi tó o, kí wá ni mo ń mu títí ẹ̀dọ̀ mi fi jẹrà?"

Mo ní, "Ọ̀gá ló ní..."

"Mo mọ̀ pé Ọ̀gá ni. Ibi kan náà la jọ wà. Mo máa bi í."

Ó dìde, ó gbọn eruku iṣu kúrò lára léèsì rẹ̀, ó gba àárín àwọn lọ́rì lọ. Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ tẹ̀ lé e, àmọ́ Dókítà ti jẹ okùn tán. Ọ́fíìsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í sún lọ. Kìnnìún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lójú ń ka orúkọ àwọn abúlé tá à ń kọjá lókè wọn fún mi, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé mo béèrè.

Bí mo ṣe jí, òjò ló ń rọ̀. Òrùlé ń jò sínú ife tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi. Ewúrẹ́ Mopélọ́lá, ìyàwó mi, ti wọlé sá òjò, ó ń jẹ okùn bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà. Òǹgbẹ ń gbẹ mí, mo gbé ife náà. Kí n tó fẹnu kàn án, ọwọ́ mi ti ta díẹ̀ sílẹ̀. Mo dúró. Mo tẹ́tí títí. Kò sẹ́ni tó wí nǹkan kan, mo bá mu ún, mo wá síbí, mo gbé búrọ́ọ̀ṣì, mo ya ojú náà.

Alààjì, ẹ lè lọ sẹ́yìn lọ́rì yín wàyí. Ojú méjèèjì ti wà níbẹ̀. Wọ́n dáa. Ní gbogbo ọdún tá a fi ń mu ún, èmi àti Ọ̀pádòtun ò ya èyí tó dáa tó wọn rí. Ohun tó ń pa mí lẹ́kún nìyẹn.