Ta Ló Rán Ẹ?

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2024, mọ́tò pa Àlíyù, ọmọ-ọmọ Quadri Ọláìtán, ní Costain nílùú Èkó. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ lọ síbẹ̀.

Bàbá Ọláìtán kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó ń ṣọ́ géètì ilé ìkàwé ìjọba kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Láti ìgbà náà, ọmọdé tó bá dá dé, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bá pàdé: "Ta ló rán ẹ?" Èyí tí kò bá rí ẹni dárúkọ, á padà sílé.

Nígbà tí wọ́n fi Salome Abọ́dúndé ṣe olórí ilé ìkàwé náà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó fi darí ètò ọmọdé lórí tẹlifíṣàn, òfìfo ló bá yàrá àwọn ọmọdé. Ìjọba ti ní bó bá ṣófo títí ìparí oṣù, àwọn ó sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màdáàmù wọ́ àga jáde, ó jókòó ti géètì, ó kẹ̀yìn sí ilé ìkàwé.

"Màdáàmù, oòrùn yìí á pa yín."

"Ẹ jẹ́ kó pa mí díẹ̀, Bàbá. Nílé iṣẹ́ tẹlifíṣàn, bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò kan dára, a kì í wo ètò. Ojú àwọn ọmọ là ń wò. Ibi tí wọ́n bá ti gbójú kúrò, ibẹ̀ là ń gé."

"Ṣé géètì lẹ wá fẹ́ gé báyìí?"

Màdáàmù rẹ́rìn-ín. Kò tíì panu dé tí ọmọbìnrin kan, Jemilat, fi sọdá títì, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́.

"Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà."

"Yáa padà sílé."

Ọmọ náà wo Màdáàmù láti orí dé ẹsẹ̀. "Wọ́n ní Àǹtí orí tẹlifíṣàn ló wà níbí. Mo ti sọ fún wọn pé irọ́ ni." Ó yíjú padà.

"Bàbá, ibi tí wọ́n ti ń gbójú kúrò nìyẹn," ni Màdáàmù wí.

Ojú Bàbá le. "Ọmọ tí a kò rán, bó bá sọnù, ọwọ́ ta la ó ti bèèrè rẹ̀?"

Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ nípa Àlíyù níbẹ̀. Màdáàmù kò ní kó ṣe sùúrù. Ìyẹn ti kún etí Bàbá. "Òótọ́ lẹ sọ, sà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Títì tó dá sọdá wá náà lẹ lé e padà sí."

Bàbá gbójú sókè. Jemilat dúró létí títì, kẹ̀kẹ́ Máárúwá ń sáré kọjá níwájú imú rẹ̀. Bàbá dìde, ó lọ dì í lọ́wọ́ mú.

"Kí ni mo ṣe, sà?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá bi ẹ́ nílé, sọ pé èmi ni mo rán ẹ."

"Ẹ rán mi ní kí ni?"

"Wọlé lọ ka ìwé kan. Kó o wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi."

Ó rò ó wò. "Tó bá gùn ńkọ́?"

"Mo wà níbí."

Ọ̀rọ̀ náà ta sétí àwọn ọmọ àdúgbò. Kí oṣù tó parí, Bàbá ti ń sọdá títì lójoojúmọ́, ọmọ lọ́wọ́ ọ̀tún, ọmọ lọ́wọ́ òsì, ó ń rán wọn níṣẹ́ ìwé kíkà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá tí ìjọba rán wá wo yàrá náà kò rí ibi gbẹ́sẹ̀ lé, ká má tíì sọ ibi tí yóò kó fáìlì sí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá Ọláìtán gbá yàrá náà fúnra rẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ fi sílẹ̀ lọ nìyí: sílípáàsì ẹsẹ̀ òsì kan, ààbọ̀ bísíkíìtì, híjáàbù kékeré aláwọ̀ ewé, èèpo ẹ̀pà lábẹ́ tábìlì, àti eyín iwájú kan tí wọ́n fi bébà wé dáadáa.