Ẹ̀pà Ẹléwé Tútù

Nígbà tí ọkọ Mùsílímátù kú ní abúlé kan lẹ́yìn Lálúpọn, Sàníù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Ìyàwó, ilẹ̀ tí àbúrò mi fi sílẹ̀ ti ṣá. Bó o bá rí oúnjẹ mú jáde níbẹ̀ lọ́dún yìí, máa gbé ilé wa. Bí o ò bá rí i, padà sílé bàbá rẹ l'Ólódò. Ṣùgbọ́n Mùjíbátù ò ní bá ọ lọ. Ọmọ wa ni."

Mùjíbátù nìkan ni Mùsílímátù bí. Sàníù kì í sì í ṣe ìkà o. Ó mọ ebi bí ẹní mowó ni.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ níṣẹ́, fún un ní ajílẹ̀ òyìnbó. Ó ní kó dà á pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti jẹrà, kó da méjèèjì sínú ilẹ̀ kó tó gbin ẹ̀pà: ìgbẹ́ á tún ilẹ̀ ṣe, ti òyìnbó á tètè bọ́ irúgbìn.

Ìgbẹ́ ò ba Mùsílímátù lẹ́rù. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún un lọ́jà Ṣáṣá pé ohun funfun yẹn a máa jó ilẹ̀. Ó bù ú tín-ín-tín bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, ó gbé ìyókù sájà.

Ẹ̀pà hù, ó tanná, ewé rẹ̀ wá ń pọ́n bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Lójoojúmọ́ ni Sàníù ń gba ẹ̀gbẹ́ oko kọjá, tó ń wo ewé náà. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun Mùsílímátù mọ́. Bó bá ti rí ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń ṣeré, ẹkún á gbọ̀n ọ́n.

Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ pé ẹ̀pà tó bá ti tanná, ọkọ́ ò gbọdọ̀ kan ìdí rẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ń ti ìdí òdòdó wọlẹ̀ lọ so ọmọ. Òun náà mọ̀. Ṣùgbọ́n àgbàdo ló ti ń gbìn láti kékeré, bí ewé àgbàdo bá sì pọ́n, wọn a bu ajílẹ̀ sí i nídìí, wọn a fi ọkọ́ wa yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ó gbé ajílẹ̀ tó kù sọ̀kalẹ̀ lájà, ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀pà náà. Ẹni tó bá pè é ní òmùgọ̀, ẹ̀rù ọmọ ò tíì bà á rí.

Òjò rọ̀, ewé tutù yọ̀yọ̀. Sàníù dúró láàárín oko, ó rẹ́rìn-ín.

"Alihamudulilai! Ìyàwó, o kú iṣẹ́!"

Lọ́jọ́ yẹn, Mùsílímátù jẹun yó.

Nígbà ìkórè, Sàníù kó ẹbí wá láti bá a ṣiṣẹ́. Ọláníran náà wá. Mùsílímátù ló kọ́kọ́ fa ìdí kan tu. Gbòǹgbò lásán ló bá ewé jáde. Ó fa òmíràn: èèpo bíi mélòó kan, òfìfo. Ó ń fà á lọ, kò wojú ẹnikẹ́ni, ó ń fi ìka tú yẹ̀pẹ̀ kiri. Ọláníran bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rí àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọkọ́ ti gé.

"Ta ló fọkọ́ kan ìdí rẹ̀?"

"Èmi ni, sà. Ó ń pọ́n ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ilẹ̀ náà dára."

"Ilẹ̀ náà dára gan-an," Ọláníran sọ fún Sàníù.

Sàníù wo ilẹ̀ náà títí. Ó wo ìyàwó àbúrò rẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún àánú. Ó wá na ọwọ́ sí Mùjíbátù.

"Ìyá mi, wá, jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ọmọ náà ò mọ nǹkan kan. Ó sáré lọ dì í lọ́wọ́ mú, ó ń fò.