Òjìji Olórí Méjì

Kí ó tó rántí pé wọ́n ní kí òun má wolẹ̀, ilẹ̀ ti gbà á lálejò. Alùpùpù náà kò sáré rárá. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ì bá kọjá lára rẹ̀. Ó kàn ń yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ níwájú ilé kí ó lè kọjú rẹ̀ sí títì, ni hándù bá wọ́ sí òsì, tí gbogbo irin náà sì nà gbalaja sílẹ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀. Òun náà bá a lọ. Ẹ́ńjìnnì kú. Táyà ẹ̀yìn ṣì ń yí fúnra rẹ̀, ó ń yí, ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ kí ó tó dúró.

Agbẹ̀bí jókòó sílẹ̀, ó ń fọwọ́ pa orúnkún. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Àwọn ọmọ tó ti gbẹ̀bí wọn kò lóǹkà, kò sì sí ọ̀kan tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Irin lásán ló wá ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ojú tì í, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó rí i.

Ọkọ rẹ̀ ló sọ alùpùpù yìí ní Orogún. Nígbà ayé rẹ̀, bó bá ti ń nù ún láàárọ̀, yóò ní, "Ìyálé, má bínú o, ìyàwó kékeré ló ń wẹ̀." Òun náà a fèsì pé kí ìyàwó kékeré wá gbọ́únjẹ alẹ́ nígbà náà. Oṣù kẹjọ rèé tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú ọkùnrin náà lọ lórí ibùsùn, lọ́sàn-án gangan. Ó wá ku ìyálé àti orogún nínú ilé.

Òní ni ìdánwò kẹta. Ilé ìgbẹ̀bí tó wà lórí òkè lọ́hùn-ún kò ní agbẹ̀bí mọ́, àwọn aláṣẹ sì ti sọ ọ́ kó yé tọmọdé tàgbà: ẹni tí kò bá ní ìwé alùpùpù kò lè gba iṣẹ́ náà, nítorí mọ́tò kì í gun ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe ìdánwò, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣubú. Bó bá ṣubú lónìí, wọ́n á ti ilé náà pa. Bẹ́ẹ̀, ìyàwó káfíńtà kan wà lókè yẹn tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Méjì ló ti bí, méjèèjì ló sì ti sin. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó rọra sọ̀ kalẹ̀ wá, ó di agbẹ̀bí lọ́wọ́ mú, kò sì sọ ju gbólóhùn kan lọ: "Àǹtí, ṣé ẹ máa dé?"

Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n gùn. Bí ọ̀nà bá lọ tààrà, tí eré wà lẹ́sẹ̀ Orogún, kò sí wàhálà kankan. Ìgbà tó bá fẹ́ yí, tí eré ti tán, ni nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ á wúwo. Ìjókòó á rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan bá gbẹ́sẹ̀ gùn ún. Bí òun bá tẹ̀ sí òsì, ìwúwo náà á tẹ̀ sí ọ̀tún, àwọn méjèèjì á máa fa ara wọn títí ilẹ̀ á fi parí ìjà fún wọn.

Ó dìde. Ó kọ ẹ̀yìn sí alùpùpù náà, ó fi ìdí ti ìjókòó, ó ń fẹsẹ̀ rìn sẹ́yìn, ó ń tì í sókè díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ ọ. Irin kílọ́ọ̀ṣì tó wà lára hándù òsì ti tẹ̀ wọ inú. Ó tì í lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì.

Obìnrin ni mẹkáníìkì tó ń kọ́ ọ, ọwọ́ bàbá tó bí i ló ti kọ́ṣẹ́, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Kò bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó fi páìpù kékeré kan há irin kílọ́ọ̀ṣì, ó fà á tọ́.

"Ẹ tún wolẹ̀," ó ní.

"Mo wolẹ̀."

"Ibi tójú bá lọ, ibẹ̀ ni máṣíìnì ń lọ. Ẹ wo ilẹ̀, ilẹ̀ lẹ máa bá. Bí hándù bá ti yí, ẹ má fọwọ́ kan búrékì iwájú. Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi tẹ tẹ̀yìn, fẹ́ẹ́rẹ́. Kílọ́ọ̀ṣì, ẹ dì í mú láàbọ̀. Epo, ẹ má jẹ́ kó kú. Ẹ wá gbójú sókè, kẹ́ ẹ wo ibi tẹ́ ẹ fẹ́ já sí."

"Mo mọ gbogbo ẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Mẹkáníìkì ti lóṣòó sídìí táyà ẹ̀yìn, ó ń fìka wọn ìwọ̀n sípíríìngì tó gbé ìjókòó ró. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ta lẹ máa ń gbé?"

"Èmi? Mi ò gbé ẹnì kankan rí."

"Oṣù tó kọjá ni mo pààrọ̀ sípíríìngì yìí. Ẹ wò ó bó ṣe rẹlẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo kì í tẹ̀ ẹ́ báyìí." Ó fi àkísà nu ọwọ́, ìka kọ̀ọ̀kan. "Ẹni tó wúwo ni, mà. Kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sẹ́yìn. Ọ̀tún nìkan ló tẹ̀."

Agbẹ̀bí ní kí mẹkáníìkì kú iṣẹ́, ó gbé Orogún, ó lọ.

Lójú ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ yẹn, pé ẹni náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sẹ́yìn, ń tẹ̀lé e. Ọkọ rẹ̀ kò jókòó sẹ́yìn ẹnikẹ́ni láyé rẹ̀. Kódà nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú, tí dókítà ní kó jẹ́ kí ẹlòmíràn máa gbé òun, ó ní òun á kúkú fẹsẹ̀ rìn, ó sì fẹsẹ̀ rìn. Òun ìyàwó ló ń jókòó sẹ́yìn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó gbé e, ní gbogbo kọ́nà ni ẹ̀rù ń bà á, bí ọkọ bá tẹ̀ sí òsì, òun á sá sí ọ̀tún, díẹ̀ ló kù kí wọ́n rọ́ sínú gọ́tà. Ọkùnrin náà dúró, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyálé, o fẹ́ da wá nù. Èjìká mi ni kó o máa wò. Ibi tí mo bá tẹ̀ sí, tẹ̀ lé mi."

Pápá ìdánwò kò ju àgbàlá oníkọnkéré kan lọ, lẹ́yìn ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fúnni ní ìwé alùpùpù. Wọ́n to ike pupa sí i káàkiri. Èèyàn á pòòyì yí wọn lọ, á pòòyì yí wọn bọ̀, pẹ̀lú eré ìgbín, ẹsẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Olùdánwò, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ki bírò bọ irun, jókòó sábẹ́ ògiri. Ó mọ agbẹ̀bí dáadáa báyìí. Ó kàn fọwọ́ sọ pé kó máa bọ̀.

Oòrùn àárọ̀ wà lápá ọ̀tún, òjìji rẹ̀ sì nà sílẹ̀ lápá òsì. Ìyípo àkọ́kọ́ dára. Bó ti fẹ́ wọ ìkejì, tí eré ti tán pátápátá, ìjókòó rọ̀.

Kò nílò kó wolẹ̀ kó tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó ti rí i tó. Òjìji Orogún ni, orí méjì ló sì wà lórí rẹ̀. Ọ̀kan róbótó, ìyẹn akoto tirẹ̀. Èkejì ga jù ú lọ díẹ̀, ó dé fìlà, fìlà náà sì gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọkùnrin kan ṣoṣo láyé ti máa ń gẹ̀ ẹ́. Hándù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọrùn rẹ̀ ti fẹ́ tẹ̀.

Níbẹ̀ ló ti yé e. Ẹ̀rù kọ́ ló ń bà á. Láti ọjọ́ yìí ló ti ń pa irọ́ yẹn fún mẹkáníìkì, tó ń pa á fún ara rẹ̀. Ó ń wolẹ̀ nítorí kò sí ibòmíràn tó tún ti lè rí ọkọ rẹ̀.

Àárò ọkùnrin náà sọ ọ́ láyà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ó ti wẹ̀yìn fún oṣù mẹ́jọ. Obìnrin kan wà lókè lọ́hùn-ún tó ń bèèrè bóyá òun máa dé.

Ó gbójú sókè. Ó fi ojú mú ike tó kẹ́yìn, ó di kílọ́ọ̀ṣì mú láàbọ̀, ó fẹsẹ̀ kan búrékì ẹ̀yìn fẹ́ẹ́rẹ́.

"Olówó orí mi," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sínú akoto, "èjìká mi ni kẹ́ ẹ máa wò. Ibi tí mo bá tẹ̀ sí, ẹ tẹ̀ lé mi."

Ó tẹ̀ sí òsì. Fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan, ìwúwo náà dúró sí ọ̀tún, bó ti máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ó rọra sún. Ó pẹ́ díẹ̀, kò sì já gaara, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó sún. Orogún yí po bí omi inú abọ́. Wọ́n yí ike kejì, wọ́n yí ìkẹta, ojú agbẹ̀bí kò kúrò níwájú, omi sì ń ṣàn nínú rẹ̀.

Nígbà tó dúró, olùdánwò ti kọ̀wé. Ó na ìwé náà sí i.

"Ẹ ti gbà á, mà. Ṣùgbọ́n nígbà míì, ẹ má gbé èèyàn wọ inú pápá ìdá..." Ó wo ẹ̀yìn agbẹ̀bí. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú, ó tún wò. Ó ní kí wọ́n máa pe ẹni tó kàn.

Ọ̀sán ń rọlẹ̀ nígbà tí ìpè káfíńtà dé. Ó ní omi ìyàwó òun ti dà. Agbẹ̀bí so báàgì iṣẹ́ mọ́ àyà, ó gun òkè lọ, oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, òjìji Orogún sì nà gbọọrọ níwájú lójú ọ̀nà, níbi tí kò ti ní láti wolẹ̀ kó tó rí i. Kò ka iye orí tó wà lára rẹ̀. Ó gbé ojú kọjá orí rẹ̀.

Kọ́nà tó kẹ́yìn há, òkúta ló sì wà nílẹ̀ ibẹ̀. Èèyàn gbọ́dọ̀ yí i pẹ̀lẹ́. Lókèèrè, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí, obìnrin kan di férémù ìlẹ̀kùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ara obìnrin yẹn ni agbẹ̀bí fi ojú sí. Ó dín eré kù títí eré fi tán, ó ń retí.

Kí ó tó tẹ̀ síbì kankan, ó sún síwájú díẹ̀ lórí ìjókòó, kí àyè lè wà lẹ́yìn.